Àkùrọ̀ Ni Wọ́n Tà fún Un

Bíkìn mẹ́rin, òpó ààlà ilẹ̀, ni mo rì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ kan, ní oṣù kejì ọdún 1998, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú gan-an. Ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì ni, 60 ẹsẹ̀ bàtà ní òòró, 60 ní ìbú, lẹ́yìn ìlú Ìbàdàn, níbi tí ilẹ̀ ti ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí odò Ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì kan ló rà á. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kó owó náà jọ. Gbogbo koríko agbègbè ibẹ̀ ti gbẹ, wọ́n tilẹ̀ ti fi iná sun òmíràn. Ibi tí a dúró sí nìkan ló tutù yọ̀yọ̀. Ewé kókò hù síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Mo rí i. Àwọn ọmọ onílẹ̀ náà rí i. Nọ́ọ̀sì yìí wá kọjú sí mi, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Sọ́fíyọ̀, ṣé ilẹ̀ yìí dáa?"

Mo ní, "Àǹtí, wíwọ̀n ni wọ́n ní kí n wá wọ̀n ọ́n. Àwọn tó tà á fún yín ni kí ẹ bi." Mo gba owó iṣẹ́ mi, mo ká tépù, mo bá tèmi lọ.

Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, òun náà ni mo fi kọ́ ilé tí mò ń gbé. Mi ò purọ́ fún obìnrin náà. Òótọ́ ló wà lẹ́nu mi, mo sì gbé e mì. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó yẹ kó mọ̀ jù mí lọ. Ọmọ ọdún 14 ni mí ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí odò Ògùnpa ya wọ ìgboro Ìbàdàn, tí ẹ̀mí tó lé ní 200 bá omi lọ. Mo rí mọ́tò tí omi gbé kọ́ ara igi. Mo rí àwọn ìyá tí wọ́n ń pe orúkọ ọmọ wọn sínú omi. Ojú tó rí èyí ní 1980 ló tún ń wo ewé kókò ní 1998, tí ọwọ́ sì ń rì bíkìn.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò tún dé. Láàárín wákàtí díẹ̀, ohun tó rọ̀ lé ní 180 mílímítà. Nọ́ńbà yẹn lè má dún bí ohun bàbàrà létí ẹni tí kì í ṣe oníṣirò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ilẹ̀ nọ́ọ̀sì yìí ṣírò rẹ̀. Tí gbogbo ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì kan bá jẹ́ kìkì páànù àti kọnkéré, omi tí òjò ọjọ́ náà yóò dà lé e lórí tó 60,000 lítà: táńkà omi mẹ́fà, tí ìkọ̀ọ̀kan gba 10,000 lítà. Ilé kan ṣoṣo nìyẹn. Ẹ wá ka gbogbo ilé tó wà lókè rẹ̀, tí kálukú ń da tirẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ̀mí tó lé ní 100 lọ lọ́jọ́ náà. Afárá Àpẹ́tẹ̀ já. Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò kan ni nọ́ọ̀sì yìí àti àwọn ọmọ rẹ̀ sùn. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, ẹrẹ̀ dé ojú fèrèsé. Kò bú mi. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi kú àbọ̀. Ìkíni yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n báwo ni onílé kò ṣe ní gbà, nígbà tí kò sí ẹni tó sọ fún un pé ojú ọ̀nà àgbàrá ni òun fẹ́ kọ́lé sí? Ọ̀rọ̀ tí mo ní í bá yín sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ṣáájú omíyalé ọdún 2011, ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ, Nàìjíríà ta sátẹ́láìtì méjì sójú ọ̀run láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà, NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X. Ojú èyí àkọ́kọ́ mú débi pé ó lè fi ohun tó fẹ̀ ní mítà méjì ààbọ̀ hàn lórí ilẹ̀; tí mọ́tò bá wà lójú títì, ó lè rí i. Èkejì, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ ẹnjiníà ló kọ́ ọ nílùú Òyìnbó. Ẹ̀gbọ́n wọn, NigeriaSat-1, ti gòkè láti ọdún 2003. Nígbà tí ìjì Katrina ba gúúsù Amẹ́ríkà jẹ́ ní ọdún 2005, sátẹ́láìtì tiwa yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ya àwòrán ibẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ gbọ́ ná: ojú tí Nàìjíríà fi owó rà bá Amẹ́ríkà wo ibi tí omi bá a dé. Ta ló wá bá nọ́ọ̀sì Ìbàdàn wo ilẹ̀ tirẹ̀?

Mi ò dá sátẹ́láìtì lẹ́bi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni àwọn méjì tuntun yẹn ti lò lókè nígbà náà. Yàtọ̀ sí èyí, àgbàrá Ìbàdàn kì í dúró de ẹni tó fẹ́ yà á ní fọ́tò: ó dé lálẹ́, ó pa tán, ó ti fà kí ilẹ̀ tó mọ́. Sátẹ́láìtì tó ń kọjá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan lè má bá a rárá. Àwọn kan ní ẹ̀rọ rédà tó ń ríran láàárín òru, tí ìkùukùu òjò kò sì dí lójú, bíi Sentinel-1 tí àwọn ará Yúróòpù ta ní ọdún 2014. Omi tó bá dákẹ́ rọ́rọ́ a máa hàn dúdú sí rédà, nítorí bíi dígí ni, kì í dá ìgbì tí wọ́n jù sí i padà síbi tó ti wá. Èyí dára gan-an fún odò ńlá tó ya bo oko fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n àárín ilé tó fún mọ́ra, bíi tiwa, a máa dàrú mọ́ rédà náà lójú. Ẹni tó bá sọ fún yín pé sátẹ́láìtì ni yóò máa ké pe yín pé omi ń bọ̀ ní Kúdẹ̀tì, ní Ìbàdàn, ó ń tà yín lọ́jà tí kò ní lọ́wọ́.

Ohun tí sátẹ́láìtì mọ̀ ọ́n ṣe jù ni pé kì í gbàgbé. Ní ọdún 1972 ni Amẹ́ríkà ta èyí àkọ́kọ́ nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní Landsat, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń kó àwòrán ilẹ̀ ayé jọ. Láti ọdún 2008, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi gbogbo rẹ̀ ṣe fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Ọdún 1972 kan náà ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nínú ọgbà yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, fún àwọn ará Áfíríkà tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń ti ojú ọ̀run wo ilẹ̀. RECTAS ni wọ́n ń pè é nígbà tí mo lọ kọ́ṣẹ́ ráńpẹ́ níbẹ̀; AFRIGIST ni orúkọ rẹ̀ báyìí. Nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé ìmọ̀ yìí ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Èmi ni àgbà tó ṣubú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan, tó ń ṣe irú iṣẹ́ tèmi ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló fi ń ṣe tirẹ̀, ló bá mi wò ó. Mo ní kó bá mi wá ilẹ̀ nọ́ọ̀sì yẹn nínú àwòrán Sentinel-2. Sátẹ́láìtì yìí gòkè ní ọdún 2015, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Gbogbo igun mẹ́rin tó bá fẹ̀ ní mítà 10 sí mítà 10 ló ń yà gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan. Ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì kò ju ẹyọ mẹ́ta àti díẹ̀ lọ nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin yìí kò mú àwòrán ìgbà òjò. Ó ní ìgbà òjò, ibi gbogbo ló tutù, ìkùukùu sì máa ń bo ojú ọ̀run. Oṣù kìn-ín-ní ló mú, nígbà tí ọyẹ́ ti fá gbogbo ilẹ̀ láwọ̀.

Ewé tó yè dáadáa a máa gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, a sì máa ta irú ìmọ́lẹ̀ kan padà tí ojú ènìyàn kò lè rí, ṣùgbọ́n tí ojú sátẹ́láìtì rí. Bí ewé bá ṣe yè tó ni ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ṣe ń pọ̀ tó. Ó fi èyí kun àwòrán náà. Ilẹ̀ gbígbẹ di àwọ̀ amọ̀, páànù di àwọ̀ eérú. Láàárín wọn, okùn aláwọ̀ ewé kan gba inú ilé lọ bí ejò, ó lọ wọ odò Ọ̀nà.

Ó bi mí pé, "Dádì, kí ni ibi tó tutù láàárín ọ̀gbẹlẹ̀ yìí?"

Mo ní, "Àkùrọ̀ ni."

Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí. Mo ṣàlàyé fún un pé ilẹ̀ tó rọ̀, tí omi kò jìnnà sí ojú rẹ̀, níbi tí àwọn bàbá wa ti ń gbin ẹ̀fọ́ àti ilá ní ẹ̀ẹ̀rùn, ni à ń pè ní àkùrọ̀. Láyé wọn, kò sí ẹni tó ń kọ́lé sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ti ń wá orúkọ tí àwọn máa pe ibẹ̀ nínú iṣẹ́ àwọn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Òun ní àwòrán, èmi ní orúkọ. Ọdún 1998 ló yẹ kí méjèèjì ti pàdé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé kì í kọ sínú ìwé ètò ìlú. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ́fíìsì ìjọba kọ́ ni wọ́n ti ń ṣètò ìlú. Abẹ́ igi máńgòrò ni, níbi tí mọ́gàjí, àwọn ọmọ onílẹ̀, ajẹ́ǹtì àti ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ jókòó sí, tí wọ́n ń ka owó. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti kọ rìsíìtì ni ìlú ti dé ibẹ̀. Ìjọba lè má dé fún ọdún mẹ́wàá, nígbà tó bá sì máa dé, ọ̀dà pupa àti katapílà ni yóò mú lọ́wọ́.

Lẹ́yìn omi ọdún 2011, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là ní ọdún 2014, owó yíyá ni o, kí wọ́n fi gba Ìbàdàn lọ́wọ́ àgbàrá. Wọ́n tún afárá àti kọ́fátì ṣe, wọ́n la ojú odò, wọ́n sì kọ ìwé ètò fún ìlú àti fún ojú ọ̀nà omi. Mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, nínú gbogbo ẹni tó pè mí wá wọn ilẹ̀, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bi mí pé, "Kí ni ìwé ètò yẹn sọ nípa ibi tí mo fẹ́ rà yìí?" Wọn kò mọ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà. Bí ìmọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ kọmíṣọ́nà tí kò dé abẹ́ igi máńgòrò, kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣètò ìlú.

Kì í kúkú ṣe pé a kò mọ ètò ìlú tẹ́lẹ̀. Àwọn ìlú wa àtijọ́ ní igbó ilé, igbó dídí tí wọ́n fi yí odi ìlú ká nítorí ogun. Ààbò ni wọ́n fi í ṣe, ṣùgbọ́n igbó náà tún ń fa omi mu, ó sì ń fi afẹ́fẹ́ tútù ránṣẹ́ sí ilé. Àwọn ọjà wa ní igi ọdán, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọjà tí kò ní ibòòji kò ní ní oníbàárà ní ọ̀sán. Ẹ tún wo Òṣogbo láti ojú ọ̀run: ìlú ti gba ibi gbogbo, páànù kan páànù, ṣùgbọ́n igbó Ọ̀ṣun, tó tó hẹ́kítà 75, ṣì dúdú minimini lẹ́bàá odò. UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé ogún àgbáyé ní ọdún 2005, ṣùgbọ́n ẹ̀rù òrìṣà ló pa á mọ́ kí UNESCO tó dé. Ẹni tó jẹ́ Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì kò ní láti bọ Ọ̀ṣun kó tó rí ọgbọ́n ibẹ̀: ẹ fi ẹ̀bá odò sílẹ̀ fún odò.

Ìbàdàn náà ní àpẹẹrẹ tirẹ̀. Omi ọdún 1980 ba ọgbà ẹranko Agodi jẹ́ pátápátá. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n tún ibẹ̀ ṣe, ó di ọgbà ìgbafẹ́ tí àwọn èèyàn ń kó ọmọ lọ lọ́jọ́ ọdún. Tí Ògùnpa bá tún bínú lọ́la, koríko àti àga ni yóò bá níbẹ̀, kò ní bá ẹni tó sùn. Ní àríwá ìlú, ẹ wo ilẹ̀ IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, hẹ́kítà 1,000 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láàárín àwọn ọdún 1960. Nǹkan bíi hẹ́kítà 350 nínú rẹ̀ ni igbó, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ sì jẹ́ oko tẹ́lẹ̀. Wọ́n kàn fi sílẹ̀ ni, igi padà. Nínú àwòrán ooru tí Landsat 8 ń yà ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, igbó yẹn àti adágún Ẹlẹ́yẹlé tutù. Bẹẹrẹ àti Mọ́kọ́lá ń gbóná bí àwo àkàrà. Ẹni tó ń gbé yàrá kan lábẹ́ páànù ní Bẹẹrẹ kò nílò sátẹ́láìtì láti sọ ìyẹn fún un. Ṣùgbọ́n gómìnà tó fẹ́ gbin igi nílò rẹ̀, kó má bàa lọ gbin gbogbo rẹ̀ sí ojú ọ̀nà ọ́fíìsì tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ igi gbígbìn yìí gan-an, ọdọọdún ni a máa ń rí i nínú ìwé ìròyìn: olóyè kan mú ṣọ́bìrì dání, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, kámẹ́rà ń tàn. Ewúrẹ́ ni í jẹ igi náà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ilẹ̀ Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Freetown, olú ìlú rẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí wa. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé Àjàyí Crowther lọ ní ọdún 1822 nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Okú sì wà níbẹ̀ di òní. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2017, òkè kan ya lulẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá, ẹni tó kú àti ẹni tí a kò rí mọ́ lé ní 1,000. Wọ́n ti gé igi orí òkè náà, wọ́n ti kọ́lé sí i. Ní ọdún 2020, olórí ìlú náà, Yvonne Aki-Sawyerr, bẹ̀rẹ̀ ètò láti gbin mílíọ̀nù kan igi. Ohun tó wù mí níbẹ̀ kì í ṣe iye yẹn. Wọ́n ń fi fóònù ya igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀ àti ibi tó wà lórí àwòrán ilẹ̀, àwọn ará àdúgbò tó ń tọ́jú rẹ̀ sì ń gba owó. Kì í ṣe igi tí wọ́n gbìn nìkan ni wọ́n ń kà, wọ́n ń ka èyí tó yè pẹ̀lú. Tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, sátẹ́láìtì ni yóò ṣe ẹlẹ́rìí ní ọdún kẹta, kò sì sí bí a ṣe fẹ́ fún un ní àpò ìwé kó yí ẹ̀rí padà.

Kí ni mo wá ń fẹ́? Nǹkan mẹ́ta ni, kò sì sí èyí tó ju agbára ìjọba ìpínlẹ̀ kan lọ nínú wọn.

Èkíní, kí ẹ̀yìn gbogbo sọ́fè tí awọnlẹ̀ bá fọwọ́ sí ní àwòrán ilẹ̀ náà láti ojú ọ̀run: ọ̀kan ti oṣù kìn-ín-ní, kí àkùrọ̀ lè hàn, àti ọ̀kan tó ń fi gíga àti ìrẹ̀sílẹ̀ ilẹ̀ hàn, kí ẹni tó ń rà á rí ibi tí omi ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ. Ọkọ̀ ojú ọ̀run Amẹ́ríkà kan ti wọn gíga apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ ayé ní oṣù kejì ọdún 2000, ní ọjọ́ mọ́kànlá péré. Nígbà tí wọ́n sì máa gbé èyí tó ṣe kedere jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 2014, Áfíríkà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n yẹn ní àṣìṣe. Ó lè ka orí igi tàbí orí páànù mọ́ ilẹ̀, ó sì lè fi mítà mélòó kan ṣì í. Ìdí nìyẹn tí awọnlẹ̀ kò fi lè jókòó sílé. Kí a kọ́kọ́ wo àwòrán, kí a wá fi ẹsẹ̀ lọ síbẹ̀, kí a wo ewé kókò.

Èkejì, kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan kun àwòrán ojú ọ̀nà omi àdúgbò rẹ̀ sára ògiri, níta gbangba, ní kóòtù ìbílẹ̀ àti ní ẹnu ọjà, pẹ̀lú orúkọ odò àti orúkọ àdúgbò ní èdè Yorùbá. Bí a ṣe ń kun àwòrán olóṣèlú, a lè kun ti odò.

Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ onílé tó bá jẹ́ kí ìdá kan nínú àgbàlá wọn wà ní koríko, tí wọn kò fi íńtálọ́ọ̀kì bò ó pátá, rí ẹ̀dínwó nínú owó ilẹ̀ tí wọ́n ń san. Sátẹ́láìtì lè ka èyí láìjẹ́ pé aṣojú ìjọba kan ń kan ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé íńtálọ́ọ̀kì lẹ́wà. Èmi náà ti tẹ́ ẹ sí ilé mi rí. Ṣùgbọ́n omi tí mo bá lé jáde nílé mi, ilé ẹlòmíràn ni yóò sùn.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ ó ní, tálákà ń kọ́? Àkùrọ̀ ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti rà. Bí ẹ bá fi àwòrán hàn án, ṣé àwòrán ni yóò sùn sí? Ìbéèrè gidi ni. Èsì mi ni pé nọ́ọ̀sì yẹn kò ra ilẹ̀ náà ní ẹ̀dínwó. Iye ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ẹni tó tà á mọ ohun tí ẹni tó rà á kò mọ̀. Tí àwòrán bá wà lórí tábìlì, owó àkùrọ̀ yóò wálẹ̀ sí owó àkùrọ̀, ẹni tó bá sì ṣì fẹ́ rà á yóò mọ̀ pé ilẹ̀ ẹ̀fọ́ ni òun rà. Tálákà ni àìmọ̀ ń ná lówó jù.

Ẹ ó tún ní, ìjọba yóò fi àwòrán náà wó ilé wa. Ẹ̀rù yẹn ò ṣe é bú. A ti rí ọ̀dà pupa lára ògiri ẹni tó ní ìwé tó pé. Ìdí tí mo fi ní kí àwòrán ṣáájú bíkìn nìyẹn. Èyí tó dé lẹ́yìn tí wọ́n ti kan páànù, ohun èlò ìwólé ni. Èyí tó dé kí wọ́n tó ka owó, ìmọ̀ràn ni. Tí ìjọba bá sì fẹ́ ká gbà á gbọ́, kó fi àwòrán náà wo àwọn ilé tirẹ̀ tó wà lójú omi kó tó wo tiwa.

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan pè mí wá wọn ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì. Kí n tó gbé irinṣẹ́ mi jáde, mo ṣí fóònù, mo fi àwòrán oṣù kìn-ín-ní hàn án, mo sì sọ orúkọ ohun tó ń wò fún un. Ajẹ́ǹtì náà wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbá mi létí. Mo pàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Nọ́ọ̀sì yẹn ti kó kúrò níbẹ̀. Ó rẹ́ǹtì yàrá méjì sí orí òkè. Kò ta ilẹ̀ náà, ó ní òun kò lè tà á fún ọmọ ẹlòmíràn. Obìnrin kan ń gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀ báyìí, ó sì ń fún un nínú rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà. Bíkìn mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà ní ìdúró. Nínú àwòrán oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí, ẹyọ mẹ́ta ni ilẹ̀ náà, àwọ̀ ewé sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.